Eyín Kì Í Sùn Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Kò sí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ládùúgbò náà tí kò mọ Bàbá Abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tó ti kú fin-ínfin-ín, tí wọ́n ti ń gbé ìkòkò òdòdó lé lórí, bí bàbá yìí bá fi etí lé e lára lásán, á ti máa rán aṣọ kí ẹni tó ni ín tó wá òwú. Orúkọ yẹn kò ṣàdédé wá. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ìkúùkù kọ́ ọ pé eyín kì í sùn lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yọ abẹ́rẹ́, nù ún, dá a padà sínú agolo rẹ̀, kó o tó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọọṣẹ́ rẹ̀ kò gbàgbé.

Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìjókòó lásán kò bá a lára mu. Ó kó irin, bẹ́líìtì àti mọ́tò jọ sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó fi wọ́n kan ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju tábìlì ìjẹun lọ, àmọ́ bó bá ń ké, adìẹ òpópónà mẹ́ta á fi ẹyin sílẹ̀ sá lọ. Ohun tó fi ń yangàn jù ni pé ẹ̀rọ náà ń pààrọ̀ bíìtì, eyín irin tó fi ń gbẹ́ igi, fúnra rẹ̀. Bíìtì nínípọn, tínínrín àti ẹlẹ́nu ṣóńṣó dúró sínú ihò tiwọn lára irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí iṣẹ́ bá kan òmíràn, ẹ̀rọ á lọ dá èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ padà sí ihò, afẹ́fẹ́ á la ẹnu rẹ̀, á gé òmíràn mú, á padà sídìí iṣẹ́. Bàbá tiẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí iná bá lọ, kó ṣì máa rántí èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbé pákó kan wá. Lára ilẹ̀kùn yàrá ìyá wọn ni. Wọ́n ti wó ilé náà, pákó yẹn nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn lópin ọ̀sẹ̀, ó sì fẹ́ kí àbúrò òun gbẹ́ pákó náà di férémù dígí olódòdó tí òun máa gbé dání.

"Bó o bá bà á jẹ́," ló wí, "ìyá wa ò ní ilẹ̀kùn mìíràn láti fún wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ di ẹrù yín."

Láàárọ̀, ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ rọra rìn lọ síbi ihò bí ìyàwó tuntun, ó sì forí gbá bíìtì tó wà níbẹ̀, gbàù. Bàbá Abẹ́rẹ́ tọ́ irin tó wọ́, ó fọwọ́ ki bíìtì yẹn bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dìrọ̀lẹ́ láìkọsẹ̀. Bàbá yọ bíìtì, ó nù ún, ó dá a padà sí ihò, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tílẹ̀ tún mọ́, gbàù.

Ó pààrọ̀ rọ́bà afẹ́fẹ́. Gbàù. Ó tú gbogbo wáyà, ó tún ihò wọ̀n. Gbàù.

"Ta ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi?"

"Èmi tí mi ò mọ ibi tẹ́ ẹ kó àpótí aṣọ mi sí?" Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ẹ kúkú máa fọwọ́ pààrọ̀ ẹ̀. Àbí nígbà iṣẹ́ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ló ń rìn wá bá yín?"

"Bí mo bá fọwọ́ pààrọ̀ ẹ̀, kí ni mo wá kan ẹ̀rọ fún?"

Nígbà tó ku ọ̀la tí ẹ̀gbọ́n máa lọ, bíìtì ṣẹ́ níbi ìforígbárí náà. Èérún rẹ̀ fò, ó sì ha ilẹ̀kùn ìyá wọn lára. Bàbá Abẹ́rẹ́ fi ìka nu ojú àpá náà. Nígbà tó yá, ó wá bíìtì mìíràn, ó fi gbẹ́ ẹ títí ó fi ku òdòdó etí rẹ̀ nìkan.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n dé. Bàbá sáré fi fìlà bo ojú àpá náà, ó sì ń palẹ̀ mọ́.

"Kí lò ń yọ lẹ́nu ẹ̀?"

"Bíìtì ni. Eyín kì í sùn lẹ́nu ẹ̀rọ."

"Ṣé ó mọ̀ pé o yọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, irin mà ni."

"Irin tó o ní ó ń rántí nǹkan." Ẹ̀gbọ́n wá ibi jókòó. "Iṣẹ́ ẹ ṣáà ni. Ní kékeré, bí mo bá mú búrẹ́dì dání sùn lọ, wàá yọ ọ́ lọ́wọ́ mi. Màá jí, màá rò pé ó ṣì wà níbẹ̀, màá gbé ọwọ́ sẹ́nu, màá sì gé ìka ara mi jẹ."

Bàbá Abẹ́rẹ́ wo bíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹrù olè. Ẹ̀rọ ń sùn pẹ̀lú èrò pé eyín wà lẹ́nu òun. Bó bá jí, á fẹ́ lọ dá a padà, á sì lọ forí sọ ọ́ nínú ihò. Gbogbo wáyà tó tú, gbogbo ariwo tó pa mọ́ ìyàwó, ọwọ́ ara rẹ̀ lolè. Ìbínú tó ti kó jọ láti ọjọ́ yìí wá ò rí ẹni tó máa já lé.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó pàṣẹ kan: bí ẹ̀rọ bá jí, kò gbọ́dọ̀ mira àfi tó bá kọ́kọ́ béèrè. Láàárọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wà lójú kọ̀ǹpútà: "Kí ló wà lẹ́nu mi?"

Bàbá pòṣé. "Èmi tí mo kàn ọ́ ni mo wá ń jíṣẹ́ fún ọ báyìí." Ó tẹ̀ ẹ́: kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rọ la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ mú bíìtì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó parí òdòdó náà.

Ọkọ̀ tó kẹ́rù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi ìka tọ ojú àpá yẹn. "Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ló bù ú jẹ."

"Ó fi jọ ẹ́." Ó fi aṣọ wé férémù náà. "Òkè ni màá kọjú àpá yìí sí. Bí mo bá ń wo dígí, màá máa rántí ẹni tó jí búrẹ́dì mi."

Bàbá Abẹ́rẹ́ gbìyànjú lẹ́yìn náà láti fi bíìtì sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, kó lè yọ àṣẹ ìbéèrè yẹn kúrò. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì padà lọ yọ ọ́. Láàárọ̀, ìbéèrè ti ń dúró dè é. Lórí ìdúró ló ti dá a lóhùn pé kò sí nǹkan kan, kò tiẹ̀ jókòó.