Ẹ̀wà tí mo ṣà nínú ìpàdé

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí òkúta wẹ́wẹ́ bọ́ sínú abọ́ tánganran, tó dún kó, ohùn ọ̀gá wa àtijọ́ ni mo máa ń rántí. "Ní kúkúrú." Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n á ti lọ wá ìrọ̀rí, nítorí bó bá ti sọ pé ní kúkúrú, ìrun Àìlá á kọjá, Alásárì á sì dé bá a lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, ara mi ti balẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń sọ fún mi pé kí àgbàlagbà máa dárí jini. Mo ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kí n tó dárí jì í tán, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Onikan ni mo ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Èmi ni olórí káńtà tó wà nísàlẹ̀ ilé náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà Balógun máa ń wá bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù wọn tàbí tí omi bá wọlé ba ẹrù wọn jẹ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi tútù, ẹni tó bá fẹ́ sunkún á sunkún, lẹ́yìn náà la ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé bẹ́ńṣì síbẹ̀. Èmi náà ni mo ní kí ẹni tí yóò bá jókòó sí káńtà jẹ́ ẹni tó lè fi Yorùbá tó já gaara bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Mo kàwé, mo gboyè ní yunifásítì, mo lè wà lókè nínú afẹ́fẹ́ tútù bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n káńtà yẹn ni mo fẹ́.

Ọ̀gá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun nígbà tí àrùn kòrónà bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba sì pàṣẹ kónílé-ó-gbélé. Ọmọdé ni lójú mi, àgbà ni lójú ara rẹ̀. Ó kéde pé orí ẹ̀rọ la ó ti máa ṣe ìpàdé lójoojúmọ́, pé kí kámẹ́rà gbogbo wa wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí ẹni tí ojú rẹ̀ bá kúrò níbẹ̀ kò fọkàn sí iṣẹ́ nìyẹn. Ó wá fi kún un pé, "Pàápàá Màmá wa." Màmá! Mo ní orúkọ, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn mi.

Ilé bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń gbé, ilé tí ọ̀pọ̀ ẹbí jọ wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ yàrá mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló ti máa ń mú dáadáa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àgbàlá, níbi tí kò sí ẹni tó lè lọ pọnmi tàbí lọ sí balùwẹ̀ kó má gba iwájú mi kọjá. Kò sì sí ẹni tó lè gba iwájú mi kọjá kó má kí mi. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o." "Àǹtí, ẹ kú ìjókòó o." Ẹni tó kí mi nígbà tó ń lọ gbọ́dọ̀ tún kí mi nígbà tó bá ń bọ̀. Bí mi ò bá dáhùn, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agbo ilé á ti gbọ́ pé mò ń bínú, wọ́n á sì rán àwọn àgbà wá bẹ̀ mí. Nítorí náà, mò ń dáhùn. Ọ̀gá á dá ọ̀rọ̀ dúró, á ní, "Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Èyí tó wá le jù ni ti àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníléèsì, nítorí léèsì ni wọ́n ń tà ní Balógun kí wọ́n tó ti ọjà pa. Èmi náà ti ń hewú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Bí mo bá sì ti kúnlẹ̀, mi ò sí lójú kọ̀ǹpútà mọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi á kàn rí i tí gèlè mi ń rọra wọlẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ kí ọ̀gá yẹn yìn mí. Lọ́jọ́ orí mi! Mo máa ń múra bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó láti orí dé àyà, ìró tí mo fi sùn ni mo sì ró sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ pé ní kúkúrú, oorun á dé. Mo já ara mi léèékánná títí. Mo ti ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù lábẹ́ tábìlì, oorun gba inú omi wá bá mi. Lọ́jọ́ kan mo ju ataare sẹ́nu, mo rún un. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi pòròpòrò, nígbà náà gan-an ni ọ̀gá sì ń sọ bí àwọn oníbàárà ṣe ń fi wá sílẹ̀. Ó dánu dúró. "Màmá, ẹ má sunkún. Ilé iṣẹ́ yìí kò ní wó lójú wa." Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pẹ̀lẹ́ fún mi, ẹnì kan tiẹ̀ nu ojú tirẹ̀ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, iná ṣì ń jó lórí ahọ́n mi.

Obìnrin kan wà tí òun náà jẹ́ olórí ẹ̀ka bíi tèmi, Ìkòyí ló ń gbé. Òun ni ọ̀gá fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wa. "Ẹ wo bí ó ṣe tẹjú mọ́ mi. Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú." Lóòótọ́, kì í ṣẹ́jú. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà títí ìpàdé á fi parí. Ó bí mi nínú débi pé mo lọ dúró síwájú dígí, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan láìṣẹ́jú.

Ìyá Oníléèsì ló yọ mí nínú ìyà náà. Ọjà wà ní títì, ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n wá dúró lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wo ojú mi.

"Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹ níbẹ̀ tí o fi ń wò bọ̀ọ̀ báyìí?"

"Ìpàdé ni, mà."

"Ìpàdé látàárọ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Ọ̀gá wa ló ń sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Ọwọ́ ẹ ṣáà ṣófo. Gba ẹ̀wà yìí ṣà."

Wọ́n gbé àtẹ lé mi lórí ẹsẹ̀, wọ́n gbé abọ́ tánganran tí màá máa ju òkúta sí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Èmi wo ló tó kọ̀? Mo tẹrí ba, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé oorun ti lọ. Etí mi là. Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ń sọ, tó fi dórí ibi tó ti ń tún un sọ. Bí ọwọ́ mi ṣe ń wá òkúta nínú ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni etí mi ń wá òkúta nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò lọ sí ìpàdé láìgbé àtẹ. Ọ̀gá á ní, "Màmá, kí ló ń dún kó, kó níbẹ̀?" Èmi á ní, "Ilé àtijọ́ ni, sà. Ó ń jò."

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀, a ti ń ṣe ìpàdé láti àárọ̀, a ti kírun Alásárì. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ tí wọ́n máa fi kun pátákó tuntun ilé iṣẹ́, ó sì fẹ́ bọ́ sórí ọṣẹ ìfọwọ́. Láàárín àwọ̀ àti ọṣẹ, láìgbé ohùn sókè, láìdánu dúró, ó ní, "A ó sì ti káńtà ìsàlẹ̀ pa, kí àwọn ọlọ́jà máa fi fóònù ṣe gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá lòdì sí i kó nawọ́, kò sí, ó dáa, nípa ti ọṣẹ..." Mo gbójú sókè. Gbogbo orí tó wà lójú kọ̀ǹpútà ló ń mì, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Káńtà mi ni wọ́n ń fi orí mì tì pa yẹn. Mo na ọwọ́ mi sókè tòun ti ẹ̀wà.

"Màmá, orí ẹ̀rọ lẹ ti máa tẹ ọwọ́. Àbí ẹ fẹ́ sáré lọ sí balùwẹ̀ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Rárá, sà. Mo lòdì sí títì tí ẹ fẹ́ ti káńtà."

"A ti kọjá ibẹ̀, Màmá. Mò ń wò yín látàárọ̀, ilẹ̀ lẹ dorí kọ. Ẹ ò fọkàn sí ìpàdé yìí rárá."

Mo bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un padà, láti orí pátákó dé orí káńtà, dé orí ọṣẹ, tòun ti "kò sí, ó dáa." Kò retí rẹ̀. Ó ní kò burú, kí á bi ẹni tó ń fọkàn sí i gan-an. Ó yíjú sí obìnrin Ìkòyí. "Mádáàmù, ṣé a ò ti fẹnu kò lórí káńtà?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ wà lókè díẹ̀.

"Mádáàmù?"

Ìyá Oníléèsì ti dé ẹ̀yìn àga mi, ẹ̀rọ ohùn mi sì wà ní ṣíṣí. "Subuhanalai! Ṣé fọ́tò lèyí ni? Ó ti ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti lọ ṣàlùwàlá. Ẹ pe ará ilé ẹ̀ o, kí wọ́n lọ wò ó!"

Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, àwòrán náà ta gìrì. Àga lásán ló kù níbẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn la gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ fún ẹnì kan pé kó fi omi kún ọbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ló máa ń gan láti ọjọ́ yìí wá, tí àwòrán rẹ̀ á dúró sójú kan, tí ọ̀gá ń yìn ín, tí èmi ń lọ síwájú dígí.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn ló gba káńtà náà là. Nínú ẹ̀rín ni ẹnì kan ti jẹ́wọ́ pé òun kò gbọ́ ibi tí wọ́n ti dárúkọ káńtà, ẹlòmíràn ní òun náà kò gbọ́. Ọ̀gá ní ó dáa, a ó sọ ọ́ lójúkojú bí a bá padà sí ọ́fíìsì. A padà, kò sọ ọ́. Káńtà wà ní ṣíṣí títí mo fi fẹ̀yìntì. Ọ̀sẹ̀ tí mo lọ gan-an ni wọ́n tì í. Mo gbọ́ pé orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé rẹ̀, pé gbogbo orí ló mì. Obìnrin Ìkòyí di igbákejì ọ̀gá. Mo kí i kú oríire, ẹ̀rín rẹ̀ yẹ ipò náà.

Ìyá Oníléèsì ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run fi Alijanna kẹ́ wọn. Àtẹ wọn wà lọ́wọ́ mi. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé, nínú gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó kọ́ mi bí mo ṣe lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn dé òpin bí ẹ̀wà Ìyá Oníléèsì ṣe kọ́ mi.

Láìpẹ́ yìí, fóònù mi dún. Ọ̀gá ni. Òun náà ti kúrò ní ilé iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ń ta bàtà ní Balógun, omi sì ti wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà tí òun fúnra rẹ̀ ní kí àwọn ọlọ́jà máa pè, ẹ̀rọ ń ní kó dúró, orin ni wọ́n ń kọ fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sẹ́nì kankan tí ènìyàn lè jókòó tì, kó ṣàlàyé fún?"

Mo gbádùn ìbéèrè yẹn.

"Ọ̀gá, ṣé àtẹ wà nílé yín?"

"Àtẹ kí ni, mà?"

"Ẹ da ẹ̀wà sí i. Ẹ máa ṣà á bí ẹ ṣe ń dúró. Ó dára fún etí."

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ máa bọ̀, pé màá bá wọn kọ ìwé tí ilé iṣẹ́ náà kò ní lè jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tọkọtaya náà wá ní ọjọ́ kejì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbé ìjókòó sí fún wọn. Ẹkún ń gbọ̀n ìyàwó, mo bu omi tútù fún un, mo jẹ́ kó sunkún tán kí n tó mú bírò. Àwọn ará ilé ń kọjá, wọ́n ń kí wa kú ìjókòó, ọ̀gá sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní àlọ àti àbọ̀. Mi ò tíì dárí jì í tán, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáni lóhùn.

Mo ní kó ṣàlàyé bí omi ṣe wọlé.

"Ní kúkúrú, Màmá," ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀.

Mo fi bírò sílẹ̀, mo fa àtẹ ẹ̀wà mi sún mọ́ra.