Ìgò Tí Ìyá Silifatou Fọ̀

Silifatou kò ní ọ̀rẹ́ kankan létí ọ̀sà ní Songon. Láti ọdún 2003 ló ti ń lọ bu omi níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwádìí ní Cocody, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ara ọ̀sà le. Àwọn apẹja kórìíra rẹ̀ bí ẹní kórìíra agbowó-orí, nítorí ìgò rẹ̀ lè mú kí wọ́n fòfin de ẹja pípa. Bí ó bá ti dé, wọn á kẹ̀yìn sí i. Ẹni tó bá ṣàánú rẹ̀ nínú wọn ni yóò pòṣé.

Lọ́dún kejì, èsì jáde pé èròjà kan tí í mú ewé bo omi títí ẹja fi ń kú ti pọ̀ jù nínú ọ̀sà. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má pẹja mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ààrò tí àwọn obìnrin fi ń yan ẹja tutù bí òkúta.

Ọkàn Silifatou kò balẹ̀. Ó bu omi mìíràn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ó wá gbóòórùn ìgò àkọ́kọ́: ọṣẹ ìfọṣọ! Èròjà yẹn gan-an ló kún inú ọṣẹ, omi ilé ìwádìí nìkan ni wọ́n sì fi ń ṣan ìgò. Ó rántí pé ilé ìyá òun ni ìgò náà sùn kó tó gbé e lọ sọ́sà, ó sáré lọ síbẹ̀ ní Port-Bouët.

"Maman, ṣé ẹ̀yin lẹ fọ ìgò mi?"

"Èmi ni. Ìgò tó dọ̀tí, kí àlejò wá bá a nílé mi? Ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀bùn?"

Inú bí Silifatou débi pé ó sunkún. Ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìwádìí ní kó panu mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ ò rí ọ̀gá! Silifatou kọ̀, ó gba Songon lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí fún Yessoufou, olórí apẹja, lójú gbogbo èrò. "Omi ò ní nǹkan. Ìgò mi ni kò dáa. Àṣìṣe mi ni." Kò dárúkọ ìyá rẹ̀.

"Trois semaines, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lebi ti ń pa ọmọ mi," ni Yessoufou fi dáhùn, "o wá ń sọ pé ìgò ni?"

Obìnrin kan já àpótí ìgò gbà lọ́wọ́ Silifatou, ó sọ ọ́ sọ́sà. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

"Máa lọ," ni Yessoufou wí. "Lọ́jọ́ tí omi bá bàjẹ́ lóòótọ́, má wulẹ̀ wá. A ò ní gbà ọ́ gbọ́."

Ìgò tó bá omi lọ kò dun Silifatou tó ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, wọn yóò jẹ ẹja inú omi tó bàjẹ́ náà.