Okùn tí Mo Fà Yọ ní Ekpè

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà ní yàrá tí a ti ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Kútọnu, nítorí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣe àwọn ẹ̀rọ wa. Bí okùn kan tó ń gbé ìpè bá já, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á figbe ta, kálukú ní èdè tirẹ̀. Ohun tí ọ̀kan pè ní ewu ńlá, èkejì á ní kò tó nǹkan. Àwa náà á máa pariwo láti àga dé àga kí a tó mọ̀ pé ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò. Ọjọ́ orí mi ti lọ kí n tó wọlé ìwé. Mo mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n máa sọ èdè tí èèyàn ò gbọ́ lójú ẹni.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀ ló ní ọ̀nà wà. Ó ní àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti fẹnu kò lórí ọ̀nà kan tí a lè fi bi ẹ̀rọ yòówù léèrè, tí yóò sì fi dáhùn. Ó fi ọ̀nà náà so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ kọ̀ǹpútà kan. Ọ̀gá wa dá a lóhùn:

"Ẹ dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó padà sí ti tẹ́lẹ̀, ìwọ náà á sì máa lọ sílé."

Mo ní èmi ni n ó lọ fa okùn kan yọ ní Ekpè, ká lè mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà náà yóò rí i. Ẹnu yà wọ́n. N kì í sọ̀rọ̀ nípàdé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní Ekpè, mo ṣí yàrá kékeré ìdí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, fóònù wà létí mi, ọ̀dọ́mọbìnrin náà ń bá mi sọ̀rọ̀ láti Kútọnu.

"Bàbá, ṣé ẹ ti múra?"

"Mo ti múra."

"Ẹ fà á."

Mo fà á. Kẹ́kẹ́ pa. Mo ní haló, haló. Kò sí ohùn. Mo wo fóònù: okùn tí mo fà yọ gan-an ló ń gbé ọ̀rọ̀ wa! Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ro ìyẹn.

Bí mo bá sì dá a padà kí wọ́n tó rí i, ìdánwò bàjẹ́. Mo sáré sọdá títì lọ bá alágbọn kan tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn.

"Ìyá alágbọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù."

Ó wo orúkọ ilé-iṣẹ́ wa láyà ẹ̀wù mi, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n ní èdè Ègùn. "Fòfó, ẹ̀yin tí ẹ ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fáyé lẹ wá ń yá fóònù alágbọn?"

"Ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Ẹ̀rín ló ń pa mí."

Mo pe yàrá wa. Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà rí i! Ìlà kan ṣoṣo! Ó ní okùn já ní Ekpè, ó sì kó igbe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ rẹ̀! Ọ̀gá ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ!"

Mo pariwo. Àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ sí Sèmè yíjú wò mí.

"Fòfó, ṣé ìyàwó yín ló bímọ?" ni ìyá alágbọn bi mí.

Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti kú. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá dákẹ́.

"Ọmọ ti dé," mo dá a lóhùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ọmọ, ó gbé àgbọn kan lé mi lọ́wọ́. Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin náà sì tún ké nínú fóònù:

"Bàbá! Okùn! Ẹ dá okùn padà, gbogbo oníbàárà wa ní Ekpè ò lè pe ẹnikẹ́ni!"

Mo dá fóònù padà fún un, mo sáré padà sídìí òpó, tàgbọn tàgbọn.