Ìkarahun Òkun Inú Ewé Gbòdògì

Lìádì kò fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ti inú òkun wá. Bí wọ́n bá ń se ẹja ní ojúlé kẹta, á fi etí aṣọ bo imú. Síbẹ̀, ìkarahun òkun, tó máa ń mú èèpo ẹyin le, ló ń lọ̀ fún àwọn ọlọ́sìn adìẹ ní Simawa, torí òwò obì tó jogún ní Sábó kò bọ́ ilé mọ́, ìríra kì í sì í ra ìrẹsì.

Lọ́jọ́ kan, Àlíyù awakọ̀ já ẹrù tó kó láti Èpẹ́ sílẹ̀. Nǹkan funfun kan bo ìkarahun náà, oníhò wínníwínní bí afárá oyin, omi yíyọ̀ ń sun lára rẹ̀.

"Ṣé ó ti bu ni?"

"Ẹranko ni, Bàbá. Inú ihò kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kan ń gbé. Ògiri nìkan ló pààlà láàárín wọn, bí ayálégbé."

Lìádì tutọ́. "Gbogbo ayálégbé yìí ni mo fowó rà?"

Ṣe ni wọ́n máa ń fọ ìkarahun, tí wọ́n á sá a sí oòrùn. Ṣùgbọ́n Lìádì kò fẹ́ fọwọ́ kan èyí. Ó ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe obì nílé wọn: ó dà á sínú agbọ̀n, ó fi ewé gbòdògì tútù bò ó, kí òórùn má bàa jáde. Obì a máa tutù yọ̀yọ̀ nínú ewé. Òkú ẹranko kì í ṣe obì.

Ìgbà tí Kareemat dé, ìdin ti ń wọ́ jáde. Òun ni oníbàárà Lìádì tó tóbi jù. Ẹyin tí awọ lásán bò ni adìẹ rẹ̀ ń yé, ó sì ti búra pé bí òun kò bá rí ìkarahun kó lọ́sẹ̀ náà, Ìkẹ́nnẹ́ lòun á ti máa rà á.

"Bàbá, ta ló kú síbí?"

"Àwọn ayálégbé ni. Mo fẹ́ dà wọ́n nù."

Kareemat fi igi ṣí ewé. "Ẹ dà á nù kẹ̀? Ilé wọn funfun bí ẹfun, ohun tí adìẹ mi ń wá gan-an nìyí! Ẹran ara wọn ló ń rùn. Ẹ fọ̀ ọ́."

"Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun?"

"Ẹ fi òsì fọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀tún jẹun."

Lìádì ń fọ̀, ó ń bì. Ìdin gun un dé ìgúnpá. Ó sá a sórí páànù, ó lọ̀ ọ́, Kareemat sì kó o lọ.

Nígbà tó yá, obìnrin náà gbé kíréètì ẹyin kan wá, èèpo rẹ̀ le kókó. "Bàbá, ẹ gbà, ẹ fi jẹun."

Lìádì wo èèpo funfun náà, ó rántí àwọn ayálégbé. Ó fi òsì gbà á, ó sì tà á kí ilẹ̀ tó ṣú.