Pípa Lọ̀tọ̀, Kíkú Lọ̀tọ̀

O ò ní gbà mí gbọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni, torí láti ìgbà tí a ti jọ ń kàwé ni mo ti ń fi àpárá ba ọ̀rọ̀ gidi jẹ́ sí ọ létí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Ìkòtún, tí òórùn léèdì tó ń yọ́ lórí irin gbígbóná bá kàn mí nímú, ọwọ́ ọ̀tún mi á sá wọ àpò fúnra rẹ̀, bí ọmọ tó rí ẹgba. Òórùn yẹn ni Ẹnjiníà máa ń gbé wọ kíláàsì mi ní gbogbo Sátidé.

Má rò pé ẹnjiníà oníwèé-ẹ̀rí ni o. Ọkùnrin tó ń tún stebiláísà, tẹlifíṣọ̀n àti fáànù ṣe ni, ó ti lé ní ogójì ọdún díẹ̀, ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Ẹnjiníà. Ó wá forúkọ sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ tí yunifásítì wa ń ṣe fáwọn òṣìṣẹ́ ní Ìgàndó, kí orúkọ yẹn, bó ṣe sọ fún mi, lè yé jẹ́ irọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní físíìsì máa ń fi “ẹ” pè é, ìdajì ọ̀wọ̀, ìdajì yẹ̀yẹ́.

Ohun tí ìwé yunifásítì ń pè ní yàrá ìwádìí wa níbẹ̀, tábìlì mẹ́rin ni, àti mítà kan tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti há síbi kan látijọ́, àti wáyà àjẹkù eku. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó fún oṣù mẹ́ta, tí mo sì kọ́ yàrá ìwádìí tèmi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orí fóònù ni wàá ti to bátìrì, wàá so wáyà, wàá fi kàpásítọ̀ sí i, ìyẹn agolo kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́. Tẹ “Tan iná”, nọ́ńbà á máa gòkè. Tẹ “Pa iná”, gbogbo rẹ̀ á padà sí òdo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ṣe ìwádìí nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá! Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní kí n wá fi hàn níbi ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́, orí mi sì wú bíi búrẹ́dì.

Kí n má purọ́ fún ọ ṣá: mo mọ̀ pé òdo yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Kàpásítọ̀ dà bí ìkòkò omi. Bí o bá ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa, èyí tó ti wà nínú ìkòkò ò lọ síbì kankan. Àmọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí i ni ìyẹn máa gbà mí, ọjọ́ ìpàdé sì ti dé tán. Mo ní màá tún un ṣe tó bá yá.

Ní Sátidé tí a dé orí ẹ̀kọ́ náà, gbogbo kíláàsì tẹ “Pa iná”, inú wọn dùn sí òdo wọn. Ẹnjiníà nìkan ló nawọ́.

“Sà, a ti pa á. Ṣé ó ti kú?”

“Kí lẹ rí lójú fóònù yín?”

“Òdo ni, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ l’Ógbòmọ̀ṣọ́ máa ń sọ pé pípa lọ̀tọ̀, kíkú lọ̀tọ̀. A máa ń fi irin sikudíráfà kàn án lẹ́nu méjèèjì títí á fi dún pàá, ká tó fọwọ́ bà á.”

Ibi tó yẹ kí n ti dúró rèé. Ìbéèrè tí mo ti sá fún lóṣù kan sẹ́yìn ló gbé síwájú mi, bẹ́ẹ̀ ni o mọ irú ẹnu tí Ọlọ́run fún mi.

“Ẹnjiníà,” mo ní, “ẹni tó ń bẹ̀rù òkú tó báyìí, ta ló máa bá a sin bàbá rẹ̀?”

Ẹ̀rín ọjọ́ náà mi tábìlì. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ẹnjiníà Abẹ̀rù-òkú!” Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. “Ó ti yé mi, sà,” ó ní. “Ẹ̀kọ́ náà la kúkú wá kọ́.”

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà, ní Fráìdé, fóònù mi dún. Ẹni tó ń ṣe bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ẹnjiníà ló ń fi fóònù Ẹnjiníà pè mí. Obìnrin kan ló gbé máíkírówéfù wá láti Bàrúwà, àpótí tó ń fi iná mú oúnjẹ gbóná yẹn. Ẹnjiníà yọ ọ́ lára iná, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, iná sì gbé e. Kàpásítọ̀ inú irú àpótí yẹn, kì í ṣe ti eré. “Sikudíráfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ o, sà,” oníbàtà ní. “Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ pàá yẹn níbí tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀dí tí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.”

Èmi mọ̀dí ẹ̀.

Mo bá wọn lọ́sìbítù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ fi gèlè orí rẹ̀ nu àga fún mi. “Ẹ kú ìrìn, sà. Àtìgbà tó ti lajú ló ti ń bi mí bóyá ẹ ti gbọ́.” Wọ́n ti sọ fún Ẹnjiníà pé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ní ká mọ́. Ọkùnrin náà fẹ́ dìde jókòó nítorí mi, mo ní kó má dìde.

“Ẹ má bínú, sà,” ó ní. “Ó jọ pé èmi ni mi ò pa á dáadáa.”

Mo bá a tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe.

“Sà, ṣé wọ́n á ṣì gbà kí n ṣe ìdánwò? Mo lè fi tòsì kọ̀wé.”

“Ẹ sinmi,” mo ní. “Kò sí nǹkan.” Kò sí nǹkan! Ọwọ́ tó ń bọ́ ènìyàn márùn-ún wà nínú báńdéèjì, mo ní kò sí nǹkan.

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, mo ṣí ojú ewé mi láti pa bọ́tìnì “Pa iná” yẹn rẹ́. Ojú ewé náà máa ń tọ́jú ìdáhùn gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, mo bá wá tirẹ̀. Ìbéèrè ni pé: bátìrì tí agbára iná rẹ̀ jẹ́ fóòltì méjìlá ló wà níbẹ̀, o ti pa iná, mélòó ló kù nínú kàpásítọ̀? Ẹnjiníà kọ méjìlá. Ojú ewé mi fi pupa sí i: “O kùnà.” Ó tún kọ méjìlá. “O kùnà.” Ó kọ méjìlá lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó kọ òdo, àwọ̀ ewé sì tàn: “O káre!”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà gbà á, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ju ohun tí mo kọ́ ọ lọ, mi ò sì lè di gbogbo rẹ̀ rù ú. Bóyá òdo yẹn nìkan ì bá má tàn án. Ó ṣe tán, ó bi mí. Ẹ̀rín tí mo fi dá a lóhùn ló jẹ́ kó tijú ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré. Látọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìbéèrè, mo kọ́kọ́ máa ń ti ẹnu mi pa ná.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Sátidé. Mo gbé kàpásítọ̀ kan tó tó agolo mílíìkì lọ sí kíláàsì, mo fún un níná, mo yọ wáyà rẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo sì mú sikudíráfà jáde. Wọn ò tíì gbọ́. Wọ́n rò pé Ẹnjiníà kàn pẹ́ dé ni. Mo na irin náà, mo sì tún fà á sẹ́yìn.

“Sà,” ẹnìkan ní láti ẹ̀yìn, “àbí ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù òkú ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan náà tí mo kọ́ wọn. Mo gbé irin náà lé e. Pàá! Iná bùyẹ̀rì, òórùn jíjó gba yàrá, ẹnìkan sì kígbe “Yéè!”.

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nìyẹn,” mo ní. “Ẹnjiníà ló sọ ọ́ fún wa. Èmi ni mo kùnà.” Mo wá sọ ibi tó wà fún wọn. Lẹ́yìn náà, mo kọjú sí pátákó láti kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.