Ọ̀rọ̀ Ẹbí Tó Dé Àgọ́ Ọlọ́pàá

Àbúrò ọkọ mi fẹ́ràn láti máa sọ pé òun kò ní ohunkóhun tí òun ń fi pamọ́. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí inú orí rẹ̀ ṣófo, kí ni yóò rí fi pamọ́?

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ti ń pè é ní ọkọ mi, tí mo ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kíláàsì lọ nígbà náà. Àṣà ni, n kò jà sí i. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo ń bá a jà sí.

Nígbà ayé bàbá wọn, pálọ̀ ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìpàdé ẹbí ti máa ń wáyé. Wọn a ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jáde, wọn a gbé àga rẹ̀ síta, kò sì ní jókòó láàárín wọn mọ́ títí yóò fi rí àgbà tó máa bá a bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ tú ká lọ sí Èkó àti ìlú òyìnbó, ìpàdé kó lọ sórí fóònù. Wọ́n kó gbogbo ẹnu lọ, wọ́n gbàgbé ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò ọkọ mi gbé fọ́tò alága káńsù wọn sórí gúrúùpù ẹbí, níbi tó ti ń ṣí ẹ̀rọ omi níwájú ilé ìwòsàn kékeré kan. Gbogbo wọn ń kí i kú iṣẹ́ ìlú. Èmi fi ohùn temi ránṣẹ́ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbi tí mo ń gbé. Mo ní, "Ọkọ̀ ló gbé omi tí wọ́n fi ṣí ẹ̀rọ yẹn wá. Mo dé ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí i, àwọn nọ́ọ̀sì ń ru kẹ́ẹ̀gì. Alága yìí ò gbẹ́ kànga, fọ́tò ló yà."

Nígbà tí mo máa fi dé Ọjà Akẹ̀sán láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tí mo ń ra káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ ń tẹ ohùn mi fún mi gbọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin kọ́ rèé?"

Èmi náà ni. Àbúrò ọkọ mi ló fi ránṣẹ́ sí alága, ibẹ̀ ló sì ti tàn dé ọjà. Ó ń wá ipò olùdámọ̀ràn pàtàkì, kò sì ní ìmọ̀ràn kankan tó lè gbé lọ, ló bá gbé ohùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti àgọ́ ọlọ́pàá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òfin tí wọ́n sọ fún wa pé àwọn fi ń mú gbájúẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ fi mú mi. Mo lọ bá lọ́yà kan tí mo kọ́ ní ìṣirò nígbà tó wà ní kékeré. Mo ní ṣebí òfin mìíràn wà tó ní kí wọ́n má tú àṣírí èèyàn lórí ẹ̀rọ.

Ó ní, "Òfin méjèèjì wà, mà. Èyí tí ń mú èèyàn ní ọlọ́pàá lẹ́yìn. Èyí tí ń gba èèyàn sílẹ̀, ìwé nìkan ló ní."

Ohùn mi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọkọ rẹ̀, tó máa ń gbé báàgì tẹ̀ lé alága yìí kiri, ti lù ú títí eyín fi yọ lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo gbé òun àti ọmọ rẹ̀ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi nìkan ni mo sì mọ ìlú tí wọ́n wà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fóònù mi: fọ́tò ẹnu ọ̀nà ilé tó háyà, ilé ìwé tó fi ọmọ sí, ohùn ọmọ náà tó ń kí mi láràárọ̀.

Nígbà tí mo dé àgọ́, àbúrò ọkọ mi ti jókòó nínú agbádá. Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀pà jẹ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, "Mama, ẹ kú ìrìn. Ẹ kàn bá wa ṣí fóònù yẹn."

"Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀? Ohùn mi wà lórí fóònù tiyín."

"A fẹ́ mọ àwọn tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀."

Ariwo èèpo ẹ̀pà dáwọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó yé mi.

Àbúrò ọkọ mi ní, "Ìyàwó wa, ṣí i jàre. Kí ni arúgbó ń fi pamọ́?"

Olè ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi rí ní Akẹ̀sán. Nígbà tí mo ra èyí, mo fi ọwọ́ ara mi ṣètò rẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣi nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ léraléra, kó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Mo wọ awò ojú mi. Mo tẹ nọ́ńbà kan, kò ṣí. Mo tẹ òmíràn. Mo ní mo ti gbàgbé.

Ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. "Mama ti dàgbà."

Àbúrò ọkọ mi ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ń gbàgbé nǹkan."

Fóònù ní kí n sinmi díẹ̀ kí n tó tún tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa sinmi. Mo béèrè omi, wọ́n fún mi. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí n gbìyànjú ọjọ́ ìbí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Àbúrò ọkọ mi ní, "Tẹ ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi kú." Mo tẹ ìyẹn náà. Ojú fóònù ṣókùnkùn. Nígbà tó tàn padà, ó ń kí mi káàbọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́jà.

Ohùn olóògbé ọkọ mi tí mo tọ́jú síbẹ̀ bá a lọ, èyí tó ti ń bi mí bóyá mo ti ra àgbàdo. Mo mọ̀ pé yóò lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ máa lọ sinmi, Mama," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí. Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti da ẹ̀pà nù. N kò gbọ́ ẹjọ́ náà mọ́, torí pé fóònù ni wọ́n ń wá, kì í ṣe èmi.

Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni mo ń lò báyìí. Nọ́ńbà ọmọbìnrin náà wà nínú orí mi, níbi tí ọlọ́pàá ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ọmọ rẹ̀ sì ń kí mi láràárọ̀. Àbúrò ọkọ mi ò tíì rí ipò gbà. Ó ń rán èèyàn sí mi pé kí n fún òun ní nọ́ńbà mi tuntun, kí wọ́n lè dá mi padà sínú gúrúùpù ẹbí.

Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé arúgbó ni mí, mo ti gbàgbé rẹ̀.