Òdo Tí Wọ́n Kọ fún Ìdí-Àyin

Títí Sàrátù Oyèlẹ́yẹ fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ohun kan wà tí kò lè fi ojú ire wò láéláé, òdo ni. Bí ìwé bá dé pé abúlé kan kò ní aláìsàn kankan, kì í lè jókòó. Yóò wé gèlè, yóò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di abúlé náà. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní Ìyá Olódo tún ti gbéra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ni, ẹ̀rín kò ní yá wọn.

Ọ́fíìsì wo ni, ẹ má bi mí. Ìhà Ṣakí la wà, ìyẹn náà tó. Ní nǹkan bí ọdún 1988, iṣẹ́ Sàrátù ni láti kó iye aláìsàn tí àwọn dísípẹ́ńsárì ń fi ránṣẹ́ fún abúlé kọ̀ọ̀kan jọ, kí ó fi wọ́n wéra, kí ó sì sọ fún àwọn ọ̀gá ibi tó yẹ kí ìrànlọ́wọ́ kọ́kọ́ dé. Ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú. Ògiri ọ́fíìsì ló ya á sí: abúlé kọ̀ọ̀kan ní òpó pupa tirẹ̀, bí àìsàn ibẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni òpó náà ṣe ń ga tó. Ẹni tí kò mọ ìwé pàápàá, bó bá wọlé, yóò mọ ibi tí ọ̀ràn ti le.

Sòbìà ni gbogbo wa ń bá jà nígbà náà. Ẹni tó bá mu omi adágún tí ó ní in nínú kò ní mọ nǹkan kan. Ó di bí ọdún kan lẹ́yìn náà kí ẹsẹ̀ tó wú, kí aràn gígùn bí òwú tó máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀, oró rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kéèyàn tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi tó mọ́ nìkan ló lè ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn agbẹ́kànga wá ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kànga oní-pọ́ǹpù kan ṣoṣo ló kù fún àgbègbè wa, kí a dárúkọ abúlé tí sòbìà ti pọ̀ jù. Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, ọ̀gá Sàrátù, ní kí ó wo ògiri rẹ̀. Òpó tó ga jù ni ti Orí-Òkúta, abúlé tí dísípẹ́ńsárì wà. Èyí tí kò ní òpó rárá ni Ìdí-Àyin. Orí-Òkúta ni wọ́n kọ ránṣẹ́.

Inú Sàrátù dùn sí òdo Ìdí-Àyin yẹn, kò sì pa á mọ́ra. Ibẹ̀ ni Àwáwù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà nílé ọkọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, Àwáwù ló fi èlùbọ́ títà rán an nílé ìwé, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ó ti pẹ́ tí Àwáwù kò wá ná ọjà mọ́, Sàrátù sì gbà pé inú ló ń bí i, nítorí pé òun kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ó ra ọṣẹ àti ṣúgà, ó ní òun ń lọ bẹ ẹ̀gbọ́n òun, kí òun sì bá a yọ̀ pé abúlé rẹ̀ nìkan ni sòbìà kò mọ̀nà dé.

Ọkọ̀ ọjà já a sílẹ̀ létí títì, ó wá fẹsẹ̀ rin ìyókù nínú ọyẹ́. Oko tó yẹ kí wọ́n ti kọ ebè sí lọ súà, koríko ló wà níbẹ̀. Ọkà bàbà ti gbẹ sórí ìdúró, ẹyẹ ń jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ó wọ abúlé, kò bá ẹnì kan níta àfi ewúrẹ́. Ó kí wọn kú ilé. Ohùn dá a lóhùn láti yàrá kan, òmíràn dáhùn láti òdì kejì, òmíràn tún dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò yọjú.

Orí ẹní ló bá Àwáwù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí orù, aràn ń yọ lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n sì ká ohun tó ti yọ mọ́ igi ìgbálẹ̀ kan. Ọmọ ọwọ́ ń mu ọmú lára rẹ̀. Ràmọ́nì ọkọ rẹ̀ wà lórí ẹní kejì, ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí?"

"Sòbìà ni. Wọlé, má dúró sẹ́nu ọ̀nà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọkà bàbà kò tíì gbó nígbà tó dá mi dùbúlẹ̀. Kò sílé tó yọ sílẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò lọ sí dísípẹ́ńsárì Orí-Òkúta? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ."

Àwáwù nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ wo la fẹ́ fi rìn lọ?"

Sàrátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láì wo ibi tó jókòó sí. Àṣé ẹni tó bá lè fẹsẹ̀ rìn dé dísípẹ́ńsárì nìkan ni òun ti ń kà láti ọjọ́ yìí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òun sọ Ìdí-Àyin ní abúlé aláàfíà, òun kò wolé. Ẹ̀rù bà á, ojú tì í, ó sì ń dùn ún wọra.

"Èmi ni mo kọ ọ́ pé ẹ ò ṣàìsàn," ló sọ.

"O ò bi wá," ni Àwáwù fèsì, ó sì gbé ọmọ sí ọmú kejì.

Cornelius kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Sàrátù tán, ó ní orúkọ Orí-Òkúta ti dé Ìbàdàn, pé bí wọn yóò bá yí i padà, àfi kí òun fojú ara òun rí i. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ Lándróbà lọ. Ó fọn fèrè ọkọ̀ lábẹ́ igi àyin, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti máa ń ṣe, kí ará abúlé lè péjọ. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àsánì jáde, àwọn obìnrin bíi mẹ́ta tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì dà gììrì. Kò sẹ́ni tó tiro nínú wọn.

"Sàrátù, ara àwọn wọ̀nyí le koko," ni Cornelius wí.

"Sà, àwọn tó lè rìn ló wá. Ẹ jẹ́ ká wọlé lọ."

"Mùsùlùmí ni wọ́n. N kò lè máa wọ yàrá abilékọ kiri." Ó yíjú sí ọkọ̀.

Ẹnu ọ̀nà Àwáwù kọjú sí igi náà, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jáde. Ìdí ló fi ń wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó wú síwájú, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ti rí i láti ilé kejì, ẹlòmíràn wọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹnu ọ̀nà. Àgbà ọkùnrin ń rá kòrò. Eruku bo gbogbo ilẹ̀. Cornelius ṣí fìlà, ó fara ti ọkọ̀.

Àwáwù dé ibòji igi, kò kí ọ̀gá. Àbúrò rẹ̀ ló wò.

"Ó ku àwọn tí kò lè wọ́," ló wí. "Ṣé ká lọ fà wọ́n wá?"

Láti ibẹ̀ ni Cornelius ti gba ọ̀nà Ìbàdàn, kò yà nílé. Wọ́n gbẹ́ kànga náà sí Ìdí-Àyin kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí sòbìà tó di egbò là á ké sí olúgànbe, omi tí wọ́n sì ti mu kì í padà sádágún. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, Àwáwù wá sí ọ́fíìsì, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn. Ọmọ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa rìn ni. Àwáwù sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré sókè kí Sàrátù lè rí ibi tó ti lé ròrò, tí aràn ti ń yọrí.

"Èmi ti lẹ́sẹ̀ báyìí, mo rìn ín wá," ló wí. "Kọ ọ́."

Sàrátù kọ ọ́.